Pákó Àárín

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìwàkiwà ló mú kí wọ́n lé mi kúrò ní họ́ọ̀lù nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ sọ fún un pé irọ́ ló pa. Ẹ̀wà ni. Ẹ̀wà tí màmá mi dì fún mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, tó le bí òkúta wẹ́wẹ́, tí kò sì mọ̀ pé kẹrosíìnì ti di góòlù nílùú Ọ̀yọ́.

Òpin àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ, nígbà tí ọ̀rọ̀ SAP, ètò ìṣúnná ìjọba, kún ẹnu tọmọdé tàgbà, tí ọṣẹ tí a fi wẹ̀ láàárọ̀ la tún fi ń fọṣọ, tí a tún fi ń fọ abọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́ tíṣà ni, inú ọgbà sì ni gbogbo wa ń gbé. Ẹni mẹ́jọ ló wà nínú yàrá wa, bẹ́ẹ̀dì onírin alájà méjì sì jẹ́ mẹ́rin. Èmi ni mo ni ìsàlẹ̀ èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ẹni tó ń sùn lókè mi jẹ́ ọmọ Ìṣẹ́yìn, mùsùlùmí pọ́ńbélé, tó ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ kọjá irin bẹ́ẹ̀dì. Ará Òkè ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Ará Ìsàlẹ̀. Bí a bá jà, a kì í bá ara wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n á máa fi gìgísẹ̀ gbá irin láti fi kí mi káàárọ̀.

Bàbá mi jẹ́ káfíńtà ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, aláàdúrà tí kì í fi ìsìn ṣeré. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àpótí mi sínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n sọ: "Mi ò rán ẹ lọ kó o lọ máa yá yàrá gbé láàárín ìlú o. Ọjọ́ tí wọ́n bá lé ẹ ní họ́ọ̀lù, gbé àpótí ẹ, máa bọ̀ nílé. Ìwé parí nìyẹn." Bàbá mi a máa wọn pákó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gé e, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ di tíṣà lójú méjèèjì. N kò fẹ́ kí ìfági jẹ́ ogún mi. Nítorí náà, mo di họ́ọ̀lù mú ṣinṣin.

Àṣà kan wà ní họ́ọ̀lù wa tí n kò tíì gbọ́ níbòmíràn. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá na gbalaja, tó gbójú sókè, abẹ́ pákó mẹ́ta tó gbé ẹni òkè dúró ni yóò máa wò. Abẹ́ pákó òkè yẹn ni gbogbo ẹni tó ti ni bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ rí ń kọ orúkọ wọn sí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ họ́ọ̀lù. Àwọn ará òkè ń kọ tiwọn sára ògiri. Tó bá wá di Ọjọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, àwọn màmá tó ti jáde á dé pẹ̀lú gèlè gàgàrà, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n sùn nígbà èwe, wọ́n á wá orúkọ wọn kàn, wọ́n á sì kà á sókè ketekete. Gbogbo yàrá á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ káàbọ̀ sílé." Kíkí bẹ́ẹ̀dì ni à ń pè é. Mo ti rí màmá àgbà kan tó bú sẹ́kún nítorí pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, mo sì ti rí màmá ọlọ́ràá kan tí àwa mẹ́rin jọ fà dìde. Nítorí àṣà yìí ni mátíróònù fi ṣe òfin tí kò gba ẹ̀bẹ̀: ẹni tó bá ba bẹ́ẹ̀dì jẹ́, kó gbé ẹrù rẹ̀ kúrò ní họ́ọ̀lù.

Ọ̀sán Sátidé kan ni ẹ̀wà náà ṣẹlẹ̀. Àwọn alásè ilé ìjẹun ti lọ síbi òkú bàbá ọ̀kan nínú wọn, búrẹ́dì gbígbẹ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Èmi àti Ará Òkè da ẹ̀wà sínú ìkòkò, a gbé e kaná lórí òkúta mẹ́ta lẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Sítóòfù wà, kẹrosíìnì ni kò sí. Igi tí a ṣà jọ, òjò àná ti rin ín gbingbin. Èéfín ń rú, iná kò jó. Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́ta, ẹ̀wà ti wú, kò rọ̀. Ebi ń pa wá débi pé a ti ń bínú síra wa láìsí ìdí.

Ará Òkè ló kọ́kọ́ sọ ọ́. "Pákó mẹ́ta ló wà lábẹ́ fóòmù ẹ. Èèyàn mélòó ni ẹ́ tó o fi ń sun orí mẹ́ta?"

"Tìẹ ńkọ́?"

"Orúkọ àwọn màmá olórúkọ wà lábẹ́ tèmi. Wàláhì, mi ò bá ẹ dá ẹ̀ṣẹ̀ yẹn."

A gbé fóòmù mi sókè. Pákó mẹ́ta náà tẹ́jú, ọjọ́ orí ti sọ wọ́n di dúdú, kò sí lẹ́tà kan lójú wọn. A fa ti àárín yọ, a ní méjì ẹ̀gbẹ́ yóò gbé mi. Mo fi àdá là á. N kò yí i wẹ̀yìn. Ta ní í yí pákó wẹ̀yìn nígbà tí ebi bá ń pa á? Igi àtijọ́ ni, ó gbẹ tán, ó jó geerege. Kò pẹ́ tí ẹ̀wà fi rọ̀, a bu epo sí i, a fi ata gígún lé e. Títí di òní n kò tíì jẹ ẹ̀wà tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́, gáàsì sì ni mo fi ń se é báyìí.

Ìyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kíá. Ìdí mi ń rì sínú àlàfo àárín bẹ́ẹ̀dì, orí lókè, ẹsẹ̀ lókè. Ará Òkè á yọjú wò mí, á ní mo jọ ọmọ tí wọ́n fi ọ̀já pọ̀n tí ọ̀já ti tú. Mo fara dà á. Ṣùgbọ́n mátíróònù lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé Ọjọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́ ku ọ̀sẹ̀ méjì, pé àwọn yóò yẹ bẹ́ẹ̀dì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí àpótí mi lójú ìran, mo rí bàbá mi, mo rí ìfági. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, mo wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìsọ̀ ni mo bá bàbá mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, pákó bẹ́ẹ̀dì mi kan ló kán."

"Báwo ló ṣe kán?"

"Ó kàn ṣàdédé kán ni."

"Pákó kì í ṣàdédé kán," ni wọ́n wí.

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọn kò sì bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kan bẹ́ǹṣì tuntun, àwọn ògbólógbòó sì wà lẹ́yìn ìsọ̀. Wọ́n tú ọ̀kan, wọ́n wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gé e, wọ́n fá a. "Àdúrà tó wà lára pákó yìí tó ohun tó lè gbé ẹ dúró," ni wọ́n wí, "àfi tí irọ́ tó wà lára ẹ bá wúwo jù ú lọ." Mo dúpẹ́, mo sá.

Dẹ́rẹ́bà Píjò tó gbé mi padà bi mí bóyá pósí ni mo fẹ́ lọ kàn ní Ọ̀yọ́. Gbogbo ọkọ̀ fi mí rẹ́rìn-ín títí a fi dé. Pákó náà sì wọlé gẹ́lẹ́. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé tùràrí àti àbẹ́là ọdún gbọọrọ ti wọ inú igi náà lọ. Bí ooru bá ti mú, yàrá wa á máa rùn bí ìsìn aláàdúrà. Ará Òkè dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé kí n bọ́ bàtà kí n tó wọlé ni?"

Mátíróònù wá, wọ́n ka pákó mẹ́ta, wọ́n fín imú, wọ́n kọjá lọ. Mo ní mo ti yè bọ́.

Ọjọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́ pé. Ẹni tó wá síbi bẹ́ẹ̀dì wa jẹ́ màmá kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó wo awò, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ogún ọdún ti kọjá tí wọ́n ti jáde, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa padà wá nìyẹn. Mátíróònù fúnra wọn ló mú wọn wọlé. Màmá náà bọ́ bàtà, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mo di èémí mú, mo ń gbọ́ bóyá pákó bàbá mi á ké. Kò ké. Wọ́n fi ìka wá inú orúkọ tó wà lókè, wọ́n rí ọ̀kan, wọ́n kà á jẹ́jẹ́. Àwa náà lanu, a ní, "Ẹ káàbọ̀ sílé."

"Ẹ ṣeun," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe orúkọ mi o. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi ni. Orúkọ tèmi kò sí níbẹ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n tú gèlè, wọ́n ká a lé orí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n yíjú sí mi. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi sún àpótí ẹ kúrò nísàlẹ̀ yẹn."

Mo sún un. Màmá náà so ìró wọn gírí, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n yí gbiri wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Áà, mà! Ilẹ̀ yẹn dọ̀tí o!" ni mátíróònù ké.

"Mo mọ ilẹ̀ yìí jù yín lọ, mà," ni ohùn kan dáhùn láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ bá mi wá tọ́ọ̀ṣì."

Ará Òkè fún wọn ní tirẹ̀. Iná tọ́ọ̀ṣì lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó dúró lójú kan.

"Tuntun ni pákó àárín yìí."

Mátíróònù, tí kì í gbèjà ẹnikẹ́ni, wá ṣílẹ̀kùn fún mi láìmọ̀. Wọ́n ní, "Káfíńtà kọ́lẹ́ẹ̀jì ló máa pààrọ̀ ẹ̀, mà. Wọ́n máa ń pààrọ̀ wọn."

Ọ̀rọ̀ parí. Ohun tó kù kí n ṣe ni kí n pa ẹnu mi mọ́. Ṣùgbọ́n màmá náà kò jáde. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì nìkan ni a ń rí, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí eruku ilẹ̀ ti yí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bí ẹni pé wọ́n gbàgbé pé a wà nínú yàrá.

Wọ́n ní nígbà tí àwọn wọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, họ́ọ̀lù ti kún, kò sí bẹ́ẹ̀dì fún àwọn. Ọ̀rẹ́ àwọn ló ní kí àwọn máa bọ̀. Odindi ọdún kan ni àwọn fi sùn sílẹ̀ níbẹ̀. Láràárọ̀, bí mátíróònù ìgbà náà bá ń bọ̀ fún àyẹ̀wò, àwọn á yí gbiri wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rẹ́ àwọn á na aṣọ sílẹ̀ bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀rín ni ìṣòro mi," ni wọ́n wí. "Bí mo bá ti rí bàtà mátíróònù yẹn báyìí, ẹ̀rín á gbé mi. Ọjọ́ kan ni ọ̀rẹ́ mi wọ abẹ́ ibí yìí, ó fi èédú kọ ọ́ gàdàgbà sí pákó àárín, níbi tí ojú mi ti máa bá a: *Má rẹ́rìn-ín.* Ó rò pé ìyẹn á bá mi wí. Ńṣe ló tún bù kún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ọ̀rẹ́ yẹn kú sórí ìkúnlẹ̀ ọmọ àkọ́bí rẹ̀, kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n jáde. Wọ́n ní àwọn kò ní fọ́tò rẹ̀, àwọn kò ní lẹ́tà rẹ̀, ọdọọdún sì ni àwọn ń sọ pé àwọn yóò wá, tí ẹsẹ̀ kò gbé àwọn.

"Orúkọ rẹ̀ tó wà lókè, gbogbo ayé ló ni ín," ni wọ́n wí. "Èyí tó wà níbí, èmi nìkan ni ọ̀rẹ́ mi kọ ọ́ fún."

Ó dùn mí. N kò lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Mo rántí bí pákó yẹn ṣe jó, bí mo ṣe ń fẹ́ iná rẹ̀ tí inú mi ń dùn. Mo rántí ọ̀rọ̀ bàbá mi pẹ̀lú, mo sì mọ ohun tí mo fẹ́ pàdánù. Ṣùgbọ́n kí màmá náà máa rò pé káfíńtà kan tí kò mọ nǹkan kan ló gbé e dànù, kí wọ́n máa wá a kiri lórí ààtàn nínú ọkàn wọn, n kò lè gbà á.

"Èmi ni, mà," ni mo wí. "Èmi ni mo sun ún."

Mátíróònù yíjú. "Kí lo wí?"

"Mo fi se ẹ̀wà."

Ará Òkè la ẹnu. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo ro gbogbo rẹ̀: òkú bàbá alásè, igi tútù, àdá, bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá náà rọra yọ jáde, eruku ti kún irun wọn, omi ti bo awò wọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń wò mí. Mo ti kúnlẹ̀, mo ń dúró de ìfọ́tí.

"Ẹ̀wà náà," ni wọ́n wí, "ṣé ó jinná?"

"Ó jinná, mà."

"Ẹ jẹ ẹ́ yó?"

"A jẹ ẹ́... mo jẹ ẹ́ yó, mà."

Wọ́n gbójú sókè wo Ará Òkè, tó ń wo àjà bí ẹni ń ka ilé aláǹtakùn. Wọ́n nu awò wọn. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe mọ ọ̀rẹ́ mi sí, tí ebi bá pa á dé ibẹ̀, òun náà á ti sun ún."

Wọ́n bẹ mátíróònù fún mi. Mátíróònù ní òfin ni òfin, pé kí n gbé àpótí mi jáde kó tó di ìrọ̀lẹ́, pé ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí táàmù bá parí, kí n tó tún rí bẹ́ẹ̀dì. Bí mo ti ń palẹ̀ mọ́ tí omijé ń bọ́ sínú àpótí, màmá náà bi mí pé ọmọ ta ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo sọ fún wọn.

"Káfíńtà Ọjà Igbó? Àwọn ló kan bẹ́ǹṣì ilé-ìwé mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ fún wọn. Wọ́n á mú mi kúrò níwèé."

"Ohun tó bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé," ni wọ́n wí. Wọ́n wo ẹ̀yìn bóyá mátíróònù ń gbọ́, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí etí mi. "Ìwọ, ṣé o mọ̀ ọ́n yí gbiri?"

Ẹ ti mọ ìyókù. Mo gbé àpótí lérí, mo gba iwájú mátíróònù kọjá kí wọ́n lè rí mi dáadáa, mo yí ẹ̀yìn họ́ọ̀lù po, mo gba fèrèsé wọlé. Ará Òkè ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó sọ fún gbogbo èèyàn pé òkè ń kọ́ òun lóòyì. Ó na aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, mo sì dojú kọ pákó bàbá mi. Mo mú èédú. Mo kọ *Má rẹ́rìn-ín* sí i gàdàgbà. Kì í ṣe ọwọ́ ọ̀rẹ́ màmá náà, mo mọ̀, kò sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. Mo kọ orúkọ ọ̀rẹ́ náà sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo kọ orúkọ màmá náà tẹ̀ lé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, bàtà mátíróònù wọlé. Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ọ̀kan ń ké, ọ̀kan ò ké. Ará Òkè fi ohùn ẹni mímọ́ sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, mà." Bàtà náà dé ẹ̀gbẹ́ mi. Mo gbójú sókè kí n má baà rí i, mo bá ka ohun tó wà lókè níbẹ̀. Mo ki aṣọ bọ ẹnu. Kò ràn mí lọ́wọ́. Ẹ̀rín bú jáde lára mi, Ará Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ bí ewúrẹ́, bàtà náà dúró.

"Èkúté yàrá yìí ti wá ń rẹ́rìn-ín báyìí?" ni mátíróònù bi í.

Ará Òkè tún húkọ́.

"Ẹ bá mi sọ fún un pé ìdánwò ń bọ̀. Kó tún máa kàwé." Bàtà tó ń ké àti èyí tí kò ké jọ bá ọ̀nà wọn lọ.

Mo gba bẹ́ẹ̀dì mi padà ní táàmù kejì. Bàbá mi kò bi mí léèrè, àmọ́ ìgbàkúùgbà tí a bá ń jẹ ẹ̀wà nílé, wọ́n á ní kí ẹnì kan lọ ka àwọn àga.

Ní ọdún kejì, màmá náà tún wá. Wọn kò dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì rárá. Wọ́n tú gèlè, wọ́n so ìró wọn gírí, wọ́n yí gbiri wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. A dúró. A kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín, ẹ̀rín ọmọdébìnrin gan-an, tó ń gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka orúkọ ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n wá ka orúkọ tiwọn, ketekete, láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí kò fìgbà kan jẹ́ tiwọn.

Gbogbo yàrá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn mátíróònù ló sì ròkè jù: "Ẹ káàbọ̀ sílé."